Ẹja Ẹ̀bẹ̀

Bí àbúrò mi bá ti lu ìyàwó rẹ̀, èmi ni ìyá wa máa ń pè. Wọn kì í sọ pé ó lù ú. Wọ́n á ní, "Gbólóhùn asọ̀ tún ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn èèyàn yẹn. Máa bọ̀ wá gbé ẹja." Ìkòròdú ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni àbúrò mi ń gbé, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ bá ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́, màá gbé ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti dì dè mí, màá sì tún gba ọ̀nà Ìtòíkìn padà, kí n lè lọ fi ẹja náà bẹ obìnrin tí wọ́n nà. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tí mo fi jẹ́ iṣẹ́ yìí. Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ara mi máa ń kó mi nírìíra, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ nǹkan rírà mọ́lẹ̀ tí kò sì rí omi fi fọ ẹsẹ̀.

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ti ń ta ẹja kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń yan án. Èmi ni àkọ́bí. Ọmọ mẹ́ta tó tẹ̀ lé mi kú lọ́mọdé, kí wọ́n tó wá bí àbúrò mi ọkùnrin. Nítorí àwọn mẹ́ta tó lọ yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé "rárá" sí ọmọ tó dúró. Akọ̀wé ilé-ìwé ni bàbá wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. N kò rí i kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè sí ìyá mi rí, n kò sì gbọ́ kí wọ́n jágbe mọ́ wọn. Mò ń sọ èyí torí pé àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọmọ tó ń lu ìyàwó, ara bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ń lọ sí mẹ́wàá, lọ́jọ́ tó ṣẹ́ eyín mi. Mo ní kó bá mi gbé igi wọlé kí òjò tó dé. Irin tí a fi ń yí ẹja lórí iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gbá mi lẹ́nu. Ìyá mi jáde wá. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sí àyà mi, wọ́n wo ọ̀nà tí bàbá wa máa ń gbà wọlé, wọ́n sì nawọ́ mú ẹja ọ̀bọ̀kún kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, wọ́n bu agbede méjì rẹ̀ tó lọ́ràá jù lọ fún mi.

"Jẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Má jẹ́ kí bàbá ẹ gbọ́. Ọkùnrin ni, á gbọ́n tó bá yá."

Mo jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ni mo fi jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń bá ọ̀rá ẹja lọ sí ọ̀nà ọ̀fun mi, ó sì dùn. Nígbà tí bàbá mi dé, mo ní mo ṣubú nídìí kànga ni. Wọ́n kú láìmọ̀.

Àbúrò mi kàwé, ó ríṣẹ́ gidi ní Áílándì ní Èkó, ó gba ilé sínú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú. Ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn aládùúgbò ń yìn ín pé kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Ọmọ Ìwó ló fẹ́, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Ìyàwó wa, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, a máa rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ wọn obìnrin, èmi ni mo lọ wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ìyá rẹ̀ kò tíì lè kúrò ní Ìwó. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa gbólóhùn asọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi fúnra wọn ló wá, wọ́n sì mú mi dání kí n lè mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó wa òsì ti wú. Ìyá mi jókòó tì í, wọ́n gbá a lágbọ̀n mú, wọ́n wá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó wú yẹn, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo mọ bí àtàǹpàkò yẹn ti ń tẹ nǹkan. Bí wọ́n ti ń tẹ ẹja tútù nìyẹn láti mọ̀ bóyá ó ti ń bàjẹ́. Wọ́n ní, "Egungun ò kàn án. Ọjọ́ mẹ́rin, á ti lọ." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Èdè Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi fi ń bá wa jà, òun náà ni wọ́n fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n tó bá di ti ẹ̀bẹ̀, Yorùbá Ọ̀yọ́ tó mọ́ lóló ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni pé wọ́n ń ka ìròyìn lórí rédíò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run, nítorí Ànọ́bì, nítorí ọmọ ọwọ́. Wọ́n gbé ẹja lé e lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi jókòó sí pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ìyàwó wa se ẹja náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Àbúrò mi ló jẹ orí rẹ̀. Mo wò ó bó ti ń fa egungun rẹ̀ mu. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹja ẹ̀bẹ̀ lọ, òun náà ló ń jẹ orí rẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn ti ń rẹ ìyá mi, ni iṣẹ́ bá di tèmi. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìgbà tó yẹ kí n kúnlẹ̀, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́ kí obìnrin náà lè sunkún tán. Mo mọ̀ pé èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí mo jù ú lọ, tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú á tì í, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́." Ìtìjú rẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bá àbúrò mi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ohun tó sọ sí mi ni." Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ronú títí, kò rántí.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn ìwé kíkà, ó sì yá mi ní ìwé ìtàn àròsọ kan. Ìtàn obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń lù ni. Gbogbo ìgbà tó bá sá lọ sílé ìyá rẹ̀, ìyá yẹn á fún un lóúnjẹ, á bá a fi omi gbígbóná jó ojú tó wú, á sì dá a padà lọ́jọ́ kẹta. Níkẹyìn, òkú obìnrin náà ni wọ́n gbé wá bá ìyá rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á tán. Mo sunkún débi pé ọkọ mi bi mí pé ta ló kú. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ọmọ wà níta fún ìsinmi, mo ń bínú ní yàrá àwọn olùkọ́. Mo ní, "Ìyá yẹn ló pa á. Ọkọ kàn bá a parí ẹ̀ ni. Irú ìyá wo nìyẹn?" Gbogbo wọn ní òótọ́ ni mo sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi pè mí pé kí n máa bọ̀ wá gbé ẹja.

Mo lọ. Ìwé náà wà nínú báàgì mi, torí pé mo fẹ́ tún ìparí rẹ̀ kà kí n tó dá a padà. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìtòíkìn ni mo ń kà á nínú ọkọ̀, mo gbé láílọ́ọ̀nù ẹja lé itan. Mo tún sunkún níbi tí wọ́n ti gbé òkú dé. Mo nu ojú mi, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòròdú, mo sì lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó wa. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé báàgì sílẹ̀ lápá kan, mo gbé ẹja sílẹ̀ lápá kejì, mo ní, "Má bínú. Tìtorí àwọn ọmọ." Nígbà yẹn, ọmọ wọn ti di méjì. Kò sí ohunkóhun nínú mi tó sọ fún mi pé èmi gan-an ni mo wà nínú ìwé yẹn. Mo rò pé ìtàn ẹlòmíì ni.

Lọ́jọ́ Ajé mo dá ìwé padà. Ẹlẹgbẹ́ mi ṣí i, ó gbé e jìnnà sí imú. "Ẹ̀yin Àǹtí, kí lẹ fi ìwé mi ṣe? Ó ń rùn bí ẹja." Àwọn olùkọ́ yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní mo lọ kí màmá mi ní Ẹ̀pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí kíláàsì, mo gbóòórùn ọwọ́ ara mi, mo sì jáde lọ bì lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́.

Ẹ ó rò pé mo jáwọ́ níbẹ̀. N kò jáwọ́. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà.

Ọ̀sán ni. Ìyàwó wa jókòó sórí àga, ètè rẹ̀ ti ya. Mo kúnlẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti pé ọdún márùn-ún, wà lórí ẹní lẹ́yìn àga, ó ń fi bèbí oníróbà kan ṣeré. A gbọ́ pá, pá. Bàtà sílípáàsì ló fi ń gbá bèbí náà lójú. Ó ní, "Mo ní kí o má máa dá mi lóhùn." Ó gbé sílípáàsì sílẹ̀. Ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀ bí obìnrin àgbà ṣe ń ṣe, ó rọra kúnlẹ̀ níwájú bèbí, ó gbé ìgbálẹ̀ kékeré kan tí ó fi ṣe ẹja síwájú rẹ̀. Ó ní, "Má bínú. Ẹja rèé. Tìtorí àwọn ọmọ."

Ohùn mi ni. Bí mo ṣe ń fa "má bínú" yẹn gùn ló ṣe fà á gùn.

Èmi àti ìyá rẹ̀ wo ara wa. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Orúnkún á máa dùn yín." Mo dìde. Ó ní, "Ẹ gbé ẹja yín." Kò pariwo, kò sì bú mi. Mo gbé e. N kò lè mú un wọ ilé mi, mo fún obìnrin tó ń gbé ojúlé kejì sí tiwa. Ó gbàdúrà fún mi títí.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ìyàwó wa dé láti Ìwó. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́. Ìyá mi ti gbọ́, wọ́n ti wá láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ní kí èmi náà wá. Obìnrin kúkúrú kan ni ìyá Ìwó, báàgì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn. A gbé omi fún wọn, wọn kò mu ún. Ìyá mi bọ́ sórí Yorùbá Ọ̀yọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ti Ọlọ́run. Ilé ọkọ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sá kúrò. Àwa obìnrin la máa ń fara dà á."

Ìyá Ìwó ní, "Ẹ̀yin náà fara dà á?"

"Gbogbo wa la fara dà á."

"Mò ń bi yín ni, màmá wa. Ọkọ yín nà yín rí?"

Ìyá mi wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ la jókòó lé lórí."

Ìyá Ìwó ní, "Tèmi nà mí, ọdún mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ilé, ìyá mi ló ń mú mi padà. Etí ọ̀tún mi ò gbọ́ràn mọ́. Mi ò wá bá yín jà. Ọmọ mi ni mo wá mú." Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn pé, "Ṣé o ti kó ẹrù tán?"

Ó ti kó o tán. Èmi ni mo bá wọn gbé ọ̀kan nínú àwọn báàgì náà dé ibi tí wọ́n ti máa wọkọ̀. Mo ń retí kí ìyàwó wa bú mi. Èébú yẹn ì bá tù mí lára. Ó kàn ní, "Ó dàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ó sì gbé ọmọ rẹ̀ kékeré sórí ẹsẹ̀. Títí di òní, ó ń kí mi lórí fóònù lọ́jọ́ ọdún, èmi náà ń kí i. Iṣẹ́ ilé ìtajà oògùn náà ló ń ṣe ní Ìwó.

Ìyá mi kò dárí ji ìyá Ìwó. Wọ́n ń sọ kiri Olúwo pé àwọn rí ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé ọmọ. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdùnnú pè mí pé àbúrò mi ti rí ẹlòmíì, ọmọ Ìjẹ̀dẹ́. Wọ́n ní, "Èyí ò lẹ́nu. Kò ní máa dá a lóhùn." Ohun kan náà ni ọmọ ọdún márùn-ún sọ fún bèbí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìjẹ̀dẹ́. Gààrí ni ìyá ọmọ náà ń tà, ilé wọn kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú títí dé báńdéèjì. Mo la ẹnu, mo fi ibi tí eyín mi ti ṣẹ́ hàn wọ́n. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Mi ò fẹ́ bẹ ọmọ tiyín." Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́run á san án fún ẹ." Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

N kò tíì dé Benson tí ìyá mi fi pè. Wọ́n ní, "Ìyá ìyàwó ti pè mí o. Ó ní ìlara ń dà ẹ́ láàmú. Ó ní kí n kìlọ̀ fún ẹ, pé ọmọ òun ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, pé ọkùnrin wo ni kì í na ìyàwó." Mo ti gbà pé tí ìyá bá mọ̀, á dáàbò bo ọmọ. Èmi, nínú gbogbo èèyàn, ni mo gba ìyẹn gbọ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójú ẹsẹ̀, iwájú iná ni mo ti bá ìyá mi.

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ̀yin lẹ bí i, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ bí mi. Ẹ ò bá a wí lọ́jọ́ tó ṣẹ́ eyín mi."

"Eyín wo?"

Mo rò pé wọ́n ń díbọ́n ni. Mo rán wọn létí irin, igi àti òjò. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń wò mí, mo sì rí i pé òótọ́ ni, wọn kò rántí. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ìdí kànga lo ti ṣubú ni?" Irọ́ tí wọ́n fi ẹja rà lẹ́nu mi, òun ló kù lọ́kàn wọn. N kò tún bá wọn sọ ọ́ mọ́. N kò lọ sí ibi ìgbéyàwó náà. Lóṣooṣù, mo ṣì ń lọ fọ aṣọ fún wọn, mo ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, torí ìyá mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí lójú, ara mi máa ń sá sẹ́yìn kí n tó mọ̀.

Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kó ìwé wọn láti lọ ilé. Ìyàwó tuntun ni. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àbúrò yín fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lánàá tó ń bínú, pé ẹ wá bá màmá mi nílé kí n tó ṣègbéyàwó. Kí lẹ sọ fún wọn?"

Mo jókòó sórí àga ọmọ iléèwé kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ ní Ìjẹ̀dẹ́. Kò já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ó ní, "Màmá mi mọ̀."

Mo ní, "Wọ́n mọ̀."

Mo bi í pé níbo ló wà. Ó ní òun wà nínú ilé, pé ọkọ òun kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní kó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti aṣọ díẹ̀, kó máa bọ̀ nílé mi. Ọkọ mi kò bi mí ní ohun tó pọ̀. Ó kó àwọn ọmọ wa sí yàrá tiwa, ó fún un ní tiwọn. Nígbà tí àbúrò mi wá kan ilẹ̀kùn, èmi ni mo jáde sí i. Mo sọ fún un pé tó bá wọlé, ọlọ́pàá ni màá pè, pé n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyàwó tuntun náà lò lọ́dọ̀ wa. Ó ti ríṣẹ́ ní ìlú míì báyìí, ó sì ti gba yàrá kan. Ìyá rẹ̀ máa ń pè mí láti Ìjẹ̀dẹ́, wọ́n á ní ṣé mo gbúròó ọmọ àwọn, wọ́n á sì sunkún. Màá kí wọn dáadáa, màá ní n kò mọ ibi tó wà. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ló ní kí n má sọ fún wọn.